Ọjọ́ tí Verlene Celestin Dá Ọkùnrin Iléeṣẹ́ Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan lù ú, kí Odò Misisípì ya wọ yàrá mi, kó gbé èmi àti ibùsùn mi lọ sínú òkun. Èmi Alcide Narcisse, díákónì, tí mi ò jókòó níwájú olùkọ́ kankan rí, ṣùgbọ́n tí mo ka Bíbélì láti páálí dé páálí títí àwọn wòlíì fi ń wá kí mi lójú àlá, èmi ni mò ń sọ ọ́. Láti ìlú Baton Rouge títí dé ẹnu òkun, kò sí ẹni tó lè gbàdúrà bíi tèmi. Ẹ óò rí i láìpẹ́ pé kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Verlene Celestin, ọ̀gá àwọn adènà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Òkè Písgà, ìjọ wa tó wà létí odò. Inú ilé àwọn tó ń gé ìrèké ni wọ́n bí i sí. Ó dáná fún àwọn ọmọ iléèwé títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì tó máa ń sè, mo ti rí aláìsàn tó fò dìde lórí ibùsùn nítorí òórùn rẹ̀ nìkan. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, aṣọ funfun, bàtà funfun, ìbọ̀wọ́ funfun, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti bá a. Kì í jókòó, kì í sì í sọ̀rọ̀ nígbà ìsìn. Ọwọ́ ni àwọn adènà wa fi ń sọ tiwọn. Bí Verlene bá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ìdúró nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn wọlé nígbà tí àdúrà bá ń lọ lọ́wọ́, gómìnà ì báà ṣe. Ojú mi báyìí ló ti dá ìyàwó dúró lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ọkọ ń làágùn níwájú pẹpẹ títí mo fi ṣe Àmín.

Iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ pé adènà ìjọ tiwa ló ń ṣe é. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tó jẹ́ oko ìrèké tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ràn láti máa tu èéfín, nígbà tí kò sí aṣojú ìjọba tó ń yọjú. Òórùn ẹyin tó jẹrà ni, tó ń ta ní ọ̀nà ọ̀fun bí ata. Bó bá ti dé, adènà á sáré ti fèrèsé. Ẹ ó máa gbọ́ gbà, gbà, gbà láàárín orin. Àlejò á rò pé ìlù ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Verlene bí, Nolia lorúkọ rẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá kọrin, àwọn ẹyẹ orí odò á pa ẹnu mọ́ kí wọ́n lè kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ nígbà tó wà níléèwé, ó wúkọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá a jáde. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi kú. A sin ín sí itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà láàárín oko, pẹ̀lú àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi ṣẹrú. Ní ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, a máa ń gbé ọ̀dà funfun lọ síbẹ̀, a ó kun sàréè wọn, a ó sì jẹun lọ́dọ̀ wọn.

Ilẹ̀ yìí gan-an, tó jẹ́ ti ìjọ wa, ni iléeṣẹ́ ń wá, kí wọ́n lè gbé táǹkì lé e. Wọ́n ní àwọn á kó egungun lọ síbòmíràn. Wọ́n ṣèlérí òrùlé tuntun àti ẹ̀rọ amúlétutù fún ìjọ, Pásítọ̀ Tyrell Boutte sì ti gbà nínú ọkàn rẹ̀. Ìbò àwọn ọmọ ìjọ nìkan ló kù.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbò náà, a ń din ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Verlene gbé àwo kan lọ bá Pásítọ̀.

“Ẹja yín rèé, Pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò hú ọmọ mi jáde? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí katakata?”

“Màmá Verlene, ẹ fara balẹ̀. Nolia ò sí níbẹ̀ mọ́. Ara lásán ló wà níbẹ̀. Ọkàn niṣẹ́ ìjọ, kì í ṣe ilẹ̀ àti èéfín.”

“Ara lásán? Èmi ni mo wẹ ara lásán yẹn! Ara lásán yẹn ni ẹ wá gbàdúrà fún, tí ẹ wá jẹ ìrẹsì mi lẹ́yìn rẹ̀, àwo méjì!”

“Màmá, ẹ rántí pé èmi ni olùṣọ́ àgùntàn yín.”

“Mo mọ̀. Ẹ sì ti ń bá ìkookò dúnàádúrà awọ wa.”

Ó gba àwo ẹja náà lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó fi fún ajá. Inú bí èmi náà débi pé epo inú agbada tí a ti sọ̀ kalẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé yìí níléèwé pásítọ̀? Wọn á ka ibi tí Mósè ti dojú kọ Fáráò, wọn á wá lọ bá Fáráò tọrọ òrùlé!

Ọjọ́ Àìkú dé. Ọ̀gbẹ́ni Kessler, agbẹnusọ iléeṣẹ́, ló yẹ kó bá wa sọ̀rọ̀, kí á tó dìbò. Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan rí. Orí pẹpẹ wa ló dúró sí lọ́jọ́ yẹn tó ní afẹ́fẹ́ ibí mọ́, pé òun gan-an lè kọ́lé síbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó dé. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti ń gbàdúrà nígbà tó gun àtẹ̀gùn, tí ọkọ̀ tó gbé e wá sì ti lọ wá epo.

Verlene gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Wọ́n ń retí mi nínú.”

Àtẹ́lẹwọ́ ò kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wo inú. Láti orí pẹpẹ, Pásítọ̀ ń juwọ́ sí Verlene pé kó jẹ́ kó wọlé. Verlene bẹ̀rẹ̀ sí wo òkè àjà bí ẹni pé áńgẹ́lì ló ń fọ ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni òórùn náà dé. Verlene ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, àwọn adènà tó kù sì ti fèrèsé, gbà, gbà, gbà. Ọ̀gbẹ́ni Kessler wà níta.

Ojú kan ṣoṣo ni díákónì gidi máa ń dì bó bá ń gbàdúrà. Mo fi èkejì rí ọwọ́ Verlene lẹ́yìn ìdí rẹ̀: ìka rẹ̀ ń yí po, ń yí po. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, máa bá a lọ. Háà! Èmi ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún! Mo gbàdúrà fún ìdílé Ábúráhámù, mo dárúkọ ràkúnmí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà fún gbogbo ẹja inú Misisípì. Odò náà dúró, kò ṣàn mọ́, ó ń gbọ́ mi.

Ẹni tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ó kan ilẹ̀kùn. Arábìnrin Earline Joubert, tó ń fi dùùrù gbe àdúrà mi lẹ́sẹ̀, gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù pátápátá. Ikọ́ nìkan la wá ń gbọ́. Nígbà tó pọ̀, Verlene sọ̀rọ̀ nínú ìsìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

“Díákónì, ẹ ṣe Àmín.”

“Àmín.”

Ó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó fi táì bo imú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni. Kí ló ń mú yín wúkọ́?” Verlene bi í.

“Eruku… eruku ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi.”

“Eruku tó ń rùn bí ẹyin!” ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Verlene fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún un, ó fà á lọ́wọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. “Mo mọ ikọ́ yẹn. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin mí èéfín yín fún àdúrà kan ṣoṣo. Ọmọ mi mí in títí ó fi kú, ẹ tún wá ń wá sàréè rẹ̀! Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká dìbò.”

Kí ni Pásítọ̀ fẹ́ ṣe? Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ó ní:

“Àwọn… àwọn tó bá fara mọ́ ọn pé ká fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n dìde.”

Ohun tí mi ò rí rí ni mo rí. Verlene Celestin jókòó. Láàárín ìsìn! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn adènà yòókù wo ọ̀gá wọn, àwọn náà jókòó níbi tí kálukú wà. Akọrin jókòó. Èmi tí mo ṣì kúnlẹ̀, mo fi ìdí lélẹ̀ kíá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìdúró nínú ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, òun ni Pásítọ̀ Boutte lórí pẹpẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbá kóòtù rẹ̀ mú, ó jókòó.

Ilẹ̀ ò lọ. Èéfín ṣì ń rú o, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí fèrèsé wa ṣì ń ró gbà, gbà ní ọjọ́ Ọlọ́run. Bí ẹ bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, Earline Joubert ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bá a nílé aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ òkè erùpẹ̀ tí wọ́n fi dá odò dúró. Ẹ pariwo sí i létí o, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ikọ́ yẹn.