Irun Ìyá Ṣọlá Nínú Ọgbà Òdòdó

Ọjọ́ tí Ìyá Ṣọlá kọ́kọ́ rí àwòrán ara rẹ̀ tí mo yà, ńṣe ló ká ọwọ́ lérí. Mo rò pé ìdùnnú ni. Mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo ń retí ìyìn.

Ara tírélà àti pátákó ṣọ́ọ̀bù ni mo fi kọ́ṣẹ́ ọ̀dà ní Ṣàngó Ọ̀tà, nígbà tí mo ti Ìwó dé, kí ẹ̀rọ tó ń tẹ báńà tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Ṣọlá ní kí n ya ìyàwó òun, inú mi dùn débi pé n ò béèrè nǹkan kan. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsíbítù dé ni. Oṣù méjì gbáko ni ìyàwó rẹ̀ fi sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwòrán yìí ló sì fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó mú kàlẹ́ńdà kan wá. Obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́ kan ló wà lórí rẹ̀, ó dúró nínú ọgbà òdòdó, irun pupa rẹ̀ tú dé ìbàdí. Ẹni tó yà á ní sùúrù o: kò sí ewé tí kò fi iṣan rẹ̀ hàn.

Bàbá ní, "Ràṣídì, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe é. Ojú ìyàwó mi ni kó o fi sí i."

Mo ṣe é gẹ́lẹ́. Mo kàn sọ irun náà di dúdú ni, mo sì jẹ́ kó tú bẹ́ẹ̀.

"Ta ló kú?" Ohun tí Ìyá Ṣọlá kọ́kọ́ sọ nìyẹn. "Opó ló ń tú irun sílẹ̀ báyìí. Ọkọ mi jókòó síbí, o wá ya mí ní opó. Gbé e kúrò níwájú mi."

Omi ti lé sí i lójú. Bàbá ń wo ilẹ̀. Ojú tì mí gan-an, nítorí ọpẹ́ ọkùnrin yìí ni mo bà jẹ́.

Onídìrí ni ìyàwó mi. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá jókòó síwájú mi, ó ní kí n di ṣùkú fún òun.

Ó ní, "Bí o ò bá lè fọwọ́ dì í, o ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì dì í."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi wé gèlè bo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo kọ́ bí irun ṣe ń gun orí lọ, mo sì wá fi búrọ́ọ̀ṣì di irun Ìyá Ṣọlá inú àwòrán náà láàárín àwọn òdòdó, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ó fi ìka tọ ẹsẹ̀ irun náà títí dé òkè.

"Ta ló dirun yìí?"

"Èmi ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti mú òòlù kí n gbé e kọ́, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Ọkọ mi ló máa gbé e kọ́."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó dìde. Ìṣó àkọ́kọ́ wọ́, èkejì wọlé. Àwòrán náà dagun díẹ̀ títí di òní. Bí mo bá yà kí wọn, ọwọ́ mi a máa yún mi láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n n kì í fọwọ́ kàn án.