Ìtayín Ará Ọ̀kánkán Wa

Ẹ jẹ́ kí a fún ìtayín ní ọlá tó tọ́ sí i. Adé ọba níyì lóòótọ́, ẹṣin ìjòyè sì dára ní wíwò, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ìdí láti wọ aṣọ fún mi, kò sí ohun iyì tó tó ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àgbàlagbà tó jókòó sórí pèpéle níwájú ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi í sẹ́nu ti sọ fún gbogbo ayé pé òun jẹ ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà náà, tí ó ku ọdún díẹ̀ kí àrùn lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn yẹn, dé, ènìyàn kì í fọ́nnu pé òun jẹun. Yóò jẹun tán, yóò fọwọ́, yóò fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀, yóò wá jókòó síta, á máa fi tú eyín wò bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Bí ẹni tó ń kọjá bá kí i pé, "Ẹ kú ìgbádùn o, bàbá," yóò kọ́kọ́ fi ahọ́n fa eyín rẹ̀ kó tó dáhùn.

Ṣùgbọ́n àdúgbò wa kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. A fura sí iyọ̀ òyìnbó pé ó funfun jù. A fura sí gbágùúdá pé irúgbìn wo ló ń ta láìjẹ́ pé ènìyàn bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lówùúrọ̀, a máa ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ahunṣọ òfì kan ń gbé ní ọ̀kánkán wa. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò dá, ọkà bàbà gbẹ lóko, àwọn ọdẹ sì ń ti igbó apá Komu bọ̀ pẹ̀lú àpò òfìfo. Àwọn àgbà yòókù ń tayín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú má baà tì wọ́n. Ahunṣọ yìí nìkan ni kì í sinmi. Ojoojúmọ́ ni. Èyí tó tún wá burú ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ń dán.

"Ẹran wo ni ọkùnrin yìí ń jẹ ná?" ni ìyá mi bi bàbá mi.

"Lọ bi í."

"Ta ní í bi irú ẹ̀?"

Ìyá mi mọ ọ̀nà tó dára ju ìbéèrè lọ. Ó da omi sí iná tirẹ̀, ó gbé àpáàdì, ó ní òun fẹ́ lọ fọnná lọ́dọ̀ ìyàwó ahunṣọ. Ìyẹn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba àpáàdì, ó sì gbé ẹ̀yinná jáde fún un níta. Iná ni ìyá mi gbé bọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbóná jù ú lọ.

"Ó bo ìkòkò o! Ta ní í bo ìkòkò ẹ̀fọ́?"

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, iná ilé púpọ̀ ní àdúgbò wa ló ṣàdédé kú. Gbogbo wọn ló lọ fọnná. Kò sẹ́ni tó rí inú ìkòkò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí òbúkọ ìyá olóòrí fi sọnù. Arúgbó kan tó ń ta òrí ni ìyá yìí, irùngbọ̀n òbúkọ rẹ̀ sì ju ti ọ̀pọ̀ àgbà àdúgbò lọ. Ó ń ké kiri láti ojúlé dé ojúlé, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé iwájú ilé ahunṣọ, ó dúró, ó wo ẹnu rẹ̀. Àwa náà wò ó. Ìtayín wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín fún ahunṣọ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ti ní àfẹ́sọ́nà, àwọn àna sì ń bọ̀ láti Ìwéré-Ilé láti wá fi ẹnu ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó jóná. Ta ní í fẹ́ ọmọ olè ewúrẹ́? Bí ibi yóò sì ti ṣe é, ọjọ́ tí àwọn àna dé gan-an ni baálé àdúgbò kó gbogbo wa wá síwájú ilé ahunṣọ, pé kó sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àna jókòó sórí ẹní, wọ́n ń gbọ́.

"A ò pè ọ́ lólè o," ni baálé wí. "A kàn ń bi ọ́ ni. Kí ló ń há ọ léyín lójoojúmọ́?"

"Ẹran ni, bàbá."

"Ẹran wo?"

"Ẹran ìgbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ọdẹ ló fún mi."

Ọdẹ náà wà ní ìjókòó. "Èmi? Èmi tí mi ò rí òkété pa láti ìgbà tí òjò ti dá? Ọ̀rẹ́, má kó bá mi."

"Ẹja ni. Ẹja ni mo fẹ́ wí."

"Odò wo?" ni ìyá olóòrí pariwo. "Odò tó ti gbẹ?"

Ahunṣọ wo àwọn àna, ó wo ilẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rí i bó ti ń gbé ọ̀rọ̀ méjì yẹ̀ wò: kí wọ́n pè é lólè, tàbí kí wọ́n mọ̀ pé kò rí ẹran jẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, kò tètè yan.

Ìyàwó rẹ̀ ló yàn fún un. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa, ó sì ṣí i.

"Ẹ wá wò ó! Ẹ̀wà rèé, ẹ̀fọ́ yánrin rèé, irú rèé. Òun la jẹ lánàá, òun la jẹ níjẹta. Ẹ rò ó wò, bí ẹ bá kan egungun, kí ẹ dè mí mọ́lẹ̀!" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ yọ igi yẹn lẹ́nu jàre."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó ro ìkòkò náà kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀.

"Èèpo ẹ̀wà ni," ni ahunṣọ wí jẹ́jẹ́. "Òun ló ń há mi léyín. Kì í tètè jáde."

Ẹ̀rín sọ. Mo wo bàbá mi. Ó rọra yọ ìtayín tirẹ̀ lẹ́nu, ó fi há ẹ̀yìn etí bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Àwọn àna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì gé ẹ̀rín tiwa kúrú. Àgbà wọn wúkọ́.

"Àna wa, ṣé ẹ̀wà náà lẹ fi tọ́ ìyàwó wa dàgbà?"

"Ẹ̀wà ni, bàbá," ni ahunṣọ dáhùn. Kò gbórí sókè.

"Ẹ ṣeun. Ká sòótọ́, a wá láti dá ọ̀rọ̀ yìí dúró ni. Wọ́n sọ fún wa pé ojoojúmọ́ lẹ ń jẹ ẹran níbí. A ní, ta ló fẹ́ bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀wà? Ẹ̀wà ń bẹ nílé wa."

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó kí wọ́n tó dìde. Òbúkọ náà bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé láti gáà àwọn Fúlàní. Ìyá olóòrí yí i ká títí, ó ń wò ó bóyá òun náà ni. Kò sẹ́ni tó bẹ ahunṣọ, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó tayín lórí pèpéle kankan ní àdúgbò wa. Ẹ wá ronú sí ohun tí gbogbo wọn ti ń jẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà sọ ọ́ di àṣà ẹnu. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ ojú irin dé pẹ̀lú aago tí kò ṣiṣẹ́ láyà, wọn á ní, "Ó ń tayín ẹ̀wà." Ọ̀rọ̀ náà délé, ó dóko, ó dé Ṣakí. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sọ pé "ṣakará", wọ́n rò pé àwọn ló dá nǹkan sílẹ̀.

Ayé ti yí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tí kò rí ẹran jẹ ń díbọ́n pé òun jẹ ẹ́. Lónìí, ẹni tí ẹran kún ẹ̀rọ amómitutù rẹ̀ ni ń kéde pé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nìkan lòun ń jẹ, nítorí ara líle. Mo fura sí wọn. Mo máa ń wo eyín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ahunṣọ dán lóòótọ́, a sì fẹ́ de bàbá wọn nítorí rẹ̀.

Dókítà ti ka ẹran léèwọ̀ fún èmi náà. Ẹ̀wà ni mo jẹ lánàá. Nígbà tí mo jẹun tán, mo gbé àga síta, mo sì tayín.