Àwọ̀ Òjò Tí Bàbá Béèrè

Àwa mẹ́rin la fẹ́ràn òjò ju bó ṣe yẹ lọ ní New Haven, ní Enugu níbí. Mi ò sọ pé a fẹ́ràn omi o. Omi, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀, torí omi ẹ̀rọ kì í sábà yọ, àwọn ọlọ́kọ̀ omi ló ń gbà wá. Ohun tí àwa fẹ́ràn ni bí òjò ṣe ń bọ̀: bó ṣe ń ṣú, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí, àwọ̀ tí ojú ọ̀run ń mú kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kán. Àwọn ọmọ mi, tí Pidgin yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, á máa sọ fún àwọn oníbàárà mi pé, "Mummy don go look rain." Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, wọn a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Wọn ò parọ́.

Bàbá ló kó wa jọ. Kápẹ́ńtà òrùlé ni, ọmọ Ọ̀fà, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti dé Enugu. Òun ló kan páànù sórí ọ̀pọ̀ ilé ní New Haven àti Independence Layout. Èmi, télọ̀ ni mí, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí ìjì ṣí páànù ṣọ́ọ̀bù mi, ará mọ́sálásí wa kan ló júwe Bàbá fún mi. Ó gun òkè, ó kan án, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé o ò rí i pé ìjì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà ni?"

Mo ní níbo ni n ó ti rí i. Ó mú mi jáde, ó fi òòlù tọ́ka sí ọ̀nà Abakaliki, níbi tí ìjì ti máa ń wá bá wa. "Gbójú sókè," ó ní. "Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ nìkan, òrùlé rẹ̀ ò ní pẹ́ ṣí." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbójú sókè.

Ẹni kẹta ni Alágbàfọ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń fọṣọ tó sì ń lọṣọ fún àdúgbò. Òun ò lè ṣe kó má mọ ọ̀rọ̀ òjò, nítorí okùn tó ń sá aṣọ sí. Ẹni kẹrin ni Kọ́pà, ọmọge láti Abẹ́òkúta tó ń sin ìjọba ní ilé ìwé kan ní Independence Layout. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ló kà ní yunifásítì. Òun ló dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún wa, òun ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán kùrukùru lórí fóònù, òun náà ló sì mú ọ̀rọ̀ fídíò dé.

Ilé alájà mẹ́ta kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré pẹlẹbẹ ni Bàbá háyà yàrá sí. Tí ìjì bá ń bọ̀, orí rẹ̀ la máa ń gùn, a ó sì na fóònù sókè. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀, Alágbàfọ̀ ló ké "Yéè, ìyá mi o!" sínú fídíò tó dára jù nínú gbogbo èyí tí a ká. Àwọn olólùfẹ́ ìjì tí Kọ́pà fi ránṣẹ́ sí lórí ayélujára fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa. La bá ṣòfin: bí fóònù bá ti lọ sókè, ẹnu gbọdọ̀ pa dé. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọlọ́pàá òfin náà. Mo sì ń ṣe é dáadáa, torí ẹni tí wọ́n ti ń pa lẹ́nu mọ́ láti kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹlòmíì lẹ́nu mọ́.

Bàbá ní tirẹ̀ ò ní fóònù aláwòrán. Ìwé ló ní, ìwé ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tó ti fi sẹlotéèpù lẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó pín in sí mẹ́rin: ọjọ́, ìgbà tí afẹ́fẹ́ yí, àwọ̀ òjò, àti bí omi ṣe ga tó nínú ike tó gé lórí, tó ń fi rúlà wọ̀n. Àwọ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà fún kápẹ́ńtà. Bàbá ní òjò tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, omi ló gbé. Èyí tó bá pọ́n bí erùpẹ̀ Enugu, afẹ́fẹ́ lásán ni. "Èyí tó bá mú àwọ̀ aró, tí àwọ̀ ewé wá yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Má dúró mú òòlù." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí ìyẹn rí, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀gá náà tó rẹ́rìn-ín tán, ìjì ti kó gbogbo páànù lọ.

Bàbá ní òfin kan lórí ìwé yẹn. Ohun tí kò bá rí, tàbí tí ẹni tó dúró tì í kò sọ fún un nígbà tí òjò náà ṣì wà lókè, bírò rẹ̀ kì í kọ ọ́. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tó sùn, ó máa ń kọ bí omi ṣe ga tó, á sì fi àyè àwọ̀ sílẹ̀ lófo. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ rí. Mo ní kí ló dé tí kò lè béèrè lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó lajú sílẹ̀. Ó ní ọlọ́dẹ kì í wòkè, ẹnu géètì ló ń wò.

Ojú tí Bàbá fi ń wòkè gan-an ló wá ń bàjẹ́. Dókítà ojú ní àìsàn kan ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tán, pé àárín díẹ̀ ló kù, àárín náà ò sì ní pẹ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bí mo bá kí i lẹ́nu ọ̀nà, ohùn mi ló fi ń mọ̀ mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ pé ní ìparí oṣù òun ń bọ̀ wá mú un lọ sí Ọ̀fà. Bàbá gbà. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́: kí òun rí ìjì àkọ́rọ̀ kan sí i ní Enugu kí ojú òun tó fọ́ pátápátá.

"Bí mi ò bá wá rí i dáadáa ńkọ́?" ó bi mí lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi dáadáa ṣe? Ṣebí èmi wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni màá máa sọ fún yín, látorí afẹ́fẹ́ dórí àwọ̀. Ojú mi lojú yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ pọ̀, Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ tó máa wúlò ti dé."

Ooru tó mú wa lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Erùpẹ̀ pupa bo gbogbo nǹkan, títí kan abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Òjò á ṣú, á tún túká. Nígbàkigbà tó bá túká, Bàbá á bi wá pé ọjọ́ mélòó ló kù nínú oṣù.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Kọ́pà fi àwòrán ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Kùrukùru funfun kan tó tẹ́ rẹrẹ láti ìhà àwọn òkè Kamẹrúùnù ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin àgbà, èyí ò ní túká o." Alágbàfọ̀ ní òun ò gba aṣọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ láìtíì ní apá. Kí Ọlọ́run má bi mí. Nígbà tó máa di ọ̀sán, àwọn ará ilé ti ń to garawa àti bàsíà síta, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì la gun òkè. Bàbá di èjìká mi mú, torí àtẹ̀gùn ilé yẹn ò ní irin ìdìmú. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí mo rán fún un nígbà Iléyá, ó dé fìlà rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, òjò yóò ba funfun yìí jẹ́ o." Ó ní àlejò ni òun ń lọ pàdé.

Lókè, ó ní kí n kọjú òun sí ọ̀nà Abakaliki. Mo mú un, mo kọ ojú rẹ̀ síbẹ̀. Ó wò títí. Ó ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni òun ń rí lókè, gbogbo ìyókù ṣókùnkùn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ti dúró, Bàbá, ewé kan ò mì. Àwọn lékèélékèé ń sá bọ̀, wọ́n gba orí wa kọjá báyìí. Ó ti bo àwọn òpó iná tó jìnnà. Ó nà láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, kò lálàfo." Ó ń mi orí, ó ń mí kíkankíkan, inú rẹ̀ dùn bíi tọmọdé. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ń wí. "Ẹ̀n-ẹ́n."

Lójijì, àwọ̀ òjò náà yí. Mo ti ń wo òjò láti ọjọ́ tí Bàbá ti kan páànù ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kọ́pà rọra sọ pé, "Fóònù!" Gbogbo wa nawọ́ sókè. Mo mú ọwọ́ mi kúrò lára Bàbá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù.

"Ìyá Ìbejì," ó pè mí, "àwọ̀ wo ló ní?"

Mi ò dáhùn. Mo mọ̀ pé ó béèrè. Mo rò ó lọ́kàn pé tí fídíò yìí bá tán, màá sọ fún un.

"Ó ti yí, àbí? Ara mi ti mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ wo ló ní?"

Mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹnu tí mo fi ń jẹun yìí ni mo fi sọ ọ́: "Ẹ dákẹ́ ná! Fóònù ń ká a."

Àgbà tó ju bàbá mi lọ. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i tó na ọwọ́ kan síwájú, bí ẹni tó ń wá ògiri, tó sì tún ká ọwọ́ náà padà sára. Mo rí i, mi ò sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìjì dé bá wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ lù wá, òjò tẹ̀ lé e, páànù kan ń ké níbì kan nísàlẹ̀. Fìlà Bàbá lọ. Alágbàfọ̀ ló gbá a mú, tó sì mú un wọlé sórí àtẹ̀gùn. Èmi tí mo ní ojú mi lojú rẹ̀, èmi ni mo wọlé kẹ́yìn, torí mo ṣì ń ká a.

Lórí àtẹ̀gùn, ariwo sọ. Kọ́pà ń fò sókè, Alágbàfọ̀ ń pe ìyá rẹ̀ bó ṣe wù ú. Èmi náà ń pariwo, "Ṣé ẹ rí i? Aró! Aró àti ewé!" Bí mo ṣe yíjú ni mo rí Bàbá tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, omi ń kán lórí rẹ̀ tí kò ní fìlà, ó kọ ojú sí ògiri.

Nígbà tí òjò dá, Kọ́pà lọ fi rúlà wọn omi inú ike. Èmi tẹ̀ lé Bàbá lọ sí yàrá rẹ̀ láti bá a kọ ọ́, torí kò lè rí ìlà mọ́. Ó sọ ọjọ́, mo kọ ọ́. Ó sọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ yí, mo kọ ọ́. Ó fo àyè kẹta, ó ní kí n kọ iye omi.

"Àwọ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Fi í sílẹ̀ lófo."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo rí i. Àwọ̀ aró ni, àwọ̀ ewé sì wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Ó bi mí pé, "Ṣé àwọ̀ ewé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Òun náà ni. Ó dára tó o rí i." Ó nawọ́, ó wá ìwé náà kàn, ó fi ọwọ́ pa á. "Àmọ́ ìgbà tó wà lókè ni mo béèrè. Fi í sílẹ̀ lófo."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, mo sunkún. Ó ní kí n dìde, pé òun ò bá mi jà, pé òfin fóònù ni mo tẹ̀ lé, òun náà sì ní òfin tòun. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ì bá ṣe pé ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ọmọ rẹ̀ dé ní ìparí oṣù. Ọwọ́ mi ni Bàbá fi ìwé náà sí kó tó wọ mọ́tò. Ojú náà ti fọ́ pátápátá báyìí. Mo máa ń pè é tí òjò bá ṣú ní Enugu, mo máa ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá àti àwọ̀ tó ní, nígbà tó ṣì wà lókè. Fóònù tí mo fi ń pè é ni mo máa ń gbé sétí, mi ò fi ká nǹkan kan mọ́. Á ní, "O ṣeun, Ìyá Ìbejì." Á bi mí nípa àwọn ìbejì, á bi mí nípa ọjà. Kì í béèrè àwọ̀ mọ́.

Àná ni mo tó ní ìgboyà láti wo fídíò ọjọ́ yẹn. Fóònù ò rí àwọ̀ náà. Gbogbo ẹ̀ rí bí eérú, bí òjò kan ṣá. Ohùn Bàbá nìkan ló mọ́ ketekete nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn tèmi tó ní kó dákẹ́, Bàbá ò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí fídíò fi tán.