Aṣọ Funfun Tí Àlàájì Yá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ẹni tó mọ̀ nípa fíìmù tó mi ní gbogbo Mọ́dákẹ́kẹ́, àti bóyá ní Ifẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, nínú yàrá kan tí mo háyà lọ́dọ̀ Àlàájì, onílé mi. Bí ẹnìkan bá ń wo fíìmù níwájú mi, mo máa ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá fún un, àti ìdí tí kámẹ́rà fi pẹ́ lójú òṣèré. Kò pẹ́ tí àwọn ayálégbé ẹlẹgbẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi.

Àlàájì nìkan ni kì í sá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé nígbà náà, Àlàájà, ìyàwó rẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú nínú ilé mọ́. Bí èèyàn bá ní ebi ń pa òun kú, yóò ní, “Ebi ń pa ẹ́ náà ti tó.” Nígbà tí mo wá rí fíìmù àtijọ́ kan láti Sweden, aláwọ̀ dúdú àti funfun, nínú èyí tí Ikú fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀ wá mú ọkùnrin kan, tí mo sì fẹ́ fi han gbogbo ilé ní pálọ̀, mo sọ fún Àlàájà pé fíìmù nípa ìrìn àjò ni. N kò kúkú parọ́. Àwọn àgbà ló ní ayé lọjà, ọ̀run nilé.

Mo ti yá ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sára ògiri; ògiri fúnra rẹ̀ ló wá kù. Ọ̀dà àwọ̀ bọ́tà ni wọ́n fi kùn ún, mo sì ṣàlàyé fún Àlàájì bí ọ̀jọ̀gbọ́n pé yóò ba òjìji inú fíìmù jẹ́. Aṣọ funfun báláú ni mo nílò, tí kò ní ojú rírán, kí ìlà má baà gba ojú òṣèré kọjá. Àlàájì wò mí títí. Ó wọ yàrá, ó gbé aṣọ fífẹ̀ kan tó ń rùn fún tùràrí jáde.

“Èyí ńkọ́?”

Kò ní ojú rírán kankan! Mo fi ìṣó méjì kàn án mọ́ ògiri ní igun òkè méjèèjì.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, gbogbo wa péjọ. Bí Ikú ṣe yọ, tó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, Àlàájà dìde. Kì í ṣe Ikú ló ń wò. Ó di etí aṣọ náà mú, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Àlàájì! Ṣé aṣọ tí ẹ fi ṣe Hájì nìyí? Èyí tí ẹ ní ká fi sin yín?”

“Òun ni.”

“Ó wá kan ìṣó mọ́ ọn! Ó tún gbé Ikú lé e lórí! Ìwọ ọmọ yìí, kó ẹrù ẹ. Ilẹ̀ ọ̀la ò gbọdọ̀ mọ́ bá ẹ níbí!”

Mo la ẹnu. Irú lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ya Ikú ni mo fẹ́ sọ.

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Ìyá ọmọ mi, jókòó. Láti ìgbà tí mo ti ọsibítù dé, ta ló jẹ́ kí n sọ ibi tí aṣọ yìí wà? Gbogbo yín ti wá rí i báyìí. Ọmọ yìí ò lọ ibì kankan. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àlejò yẹn máa ṣe.”

Àlàájà jókòó, ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí Ikú títí fíìmù fi parí. Èmi náà ò ṣàlàyé nǹkan kan mọ́. Àwọn ayálégbé ní kò sí fíìmù mi tó dùn tó ìyẹn.

Àlàájì tún lo ọdún mélòó kan sí i. Mo ti kó kúrò níbẹ̀ nígbà tó papò dà, ṣùgbọ́n mo sáré lọ. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló ṣí àpótí, kò béèrè ibi tí aṣọ náà wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tú aṣọ náà, ó fi ìka kan àwọn ihò igun rẹ̀, ó wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Ihò ẹ rèé,” ló wí.

Ó gbé e fún àwọn tó ń wẹ òkú Àlàájì.

Lónìí mo ní aṣọ ìwòran gidi, tí wọ́n ṣe fún fíìmù nìkan. Mo ṣì ń wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá. Ṣùgbọ́n bí Ikú bá ti yọ, igun méjèèjì òkè ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ.