Kúta tí mo fi dẹ́rù ba Òkókómáíkò

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó tọ́ mi dàgbà gbà pé iṣẹ́ méjì péré ló wà láyé: ẹja títà àti ìjókòó lásán. Iṣẹ́ tíṣà tí mò ń ṣe ní Ìbà wà lábẹ́ ìkejì. Ti ìtàn kíkọ kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò wọn rárá. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún wọn pé àwọn kan ń kó ìtàn abanilẹ́rù nípa òkun jọ sínú ìwé, pé owó ìwé náà ni wọn yóò fi palẹ̀ ìdọ̀tí etíkun mọ́, tí wọn yóò sì fi dáàbò bo ìjàpá inú òkun, wọ́n wò mí títí.

"Ìjàpá," ni wọ́n wí. "Òun náà ti wá di ẹni tó ń wá olùgbèjà."

Mo fẹ́ kí ìtàn mi wọ inú ìwé náà, mi ò ní í purọ́. Ìjàpá òkun ni mo kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ìjàpá tó tóbi ju ilé lọ, tó ń gòkè bọ̀ láti gbẹ̀san lára àwa tí à ń da ilẹ̀ sínú omi. Mo kà á fún tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, obìnrin tí a jọ ń lo tábìlì kan ní yàrá àwọn tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti mọ ìjàpá, kò sí bó ṣe lè gbójú tó tí òun ò ní í máa rò pé oúnjẹ ẹlòmíràn ló ń wá. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo pa ìjàpá rẹ́.

Mo wá yíjú sí ibi tí mo mọ̀, etí omi Ọ̀jọ́, níbi tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Ẹ̀gùn. Bí wọ́n bá ti rà á tán, wọ́n á ta á ní tútù láàárọ̀, wọ́n á sì yan èyí tó bá kù. Nínú ìtàn mi, obìnrin ẹlẹ́ja kan la ikùn ẹja kúta, ó sì bá èékánná ènìyàn márùn-ún níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èékánná ọwọ́ òsì ti pòórá, ìyókù sì ti ń mì. Gbogbo ohun tí a ti ń jù sínú omi ni omi wá ń gbẹ̀san rẹ̀ lára wa, díẹ̀díẹ̀.

Kí n lè mọ̀ bóyá ó dùn létí, mo kà á sórí fóònù, mo gbà á sílẹ̀. Mo tilẹ̀ sín ohùn ẹ̀gbọ́n màmá mi jẹ, pẹ̀lú ikọ́ èéfín wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sóhun tójú mi rí létí omi Ọ̀jọ́ láàárọ̀ yìí." Mi ò ké ààlọ́. Ta ló ń ké "Ààlọ́ o" sí àgbàlagbà létí? Mo fi ránṣẹ́ sí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé kó bá mi gbọ́ ọ wò.

Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, kò sì ṣàlàyé kankan. Àbúrò rẹ̀ gbé e sí gúrúùpù àwọn obìnrin ìjọ wọn ní Òkókómáíkò. Ìjọ gbọ́ "ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí," wọ́n ní Àmín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá ọmọ kíláàsì mi kan wá sí ilé ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ fún mi gbọ́, ó ní kí n kìlọ̀ fún àwọn èèyàn mi.

"Àǹtí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ o," ló wí. "Àbúrò ìyàwó mi mọ obìnrin náà dáadáa. Ọsibítù ló wà báyìí."

Mo kí i kú àánú obìnrin náà. Kí n má tàn yín, inú mi dùn. Òǹkọ̀wé wo ló máa rí irú èyí tí kò ní í rín sínú? Ẹ̀rín náà ò ju ọjọ́ méjì lọ.

Nígbà tí mo dé Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi jókòó ti tábìlì tí ẹja kún dẹ́nu. Ìyá olóúnjẹ kan láti Òkókómáíkò, oníbàárà wọn tó tóbi jù, ò tíì yọjú láti ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó kù ń kí wọn láti òkèèrè.

"Mo gbọ́ ohùn ara mi lórí fóònù," ni wọ́n wí. "Mi ò sì rántí ìgbà tí mo sọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"O ò wá lè ké ààlọ́? Kí ni ààlọ́ ì bá ná ọ? Ẹja yìí ni mo fi rán ọ níwèé. Bí wọn ò bá rà á mọ́, ṣé ìtàn ni màá máa yan tà?"

Ojú tì mí gan-an. Mo gba ohùn mìíràn sílẹ̀, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo kọ ọ́, pé irọ́ ni láti òkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Èèyàn méjì péré ló fèsì, ọ̀kan nínú wọn ní ó dá òun lójú pé wọ́n ti fowó dí mi lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló wá ọ̀nà tiwọn. Wọ́n pe ìyá olóúnjẹ pé kó wá lówùúrọ̀ Sátidé, kó fojú ara rẹ̀ rí inú ẹja. Ó wá, ogunlọ́gọ̀ sì tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n ní kí n di àwo mú. Wọ́n la kúta àkọ́kọ́: ìfun àti ẹja kéékèèké. Ìkejì: bákan náà. Mo ti ń mí kanlẹ̀, ìyá olóúnjẹ sì ti ń na ọwọ́ sí èyí tó wù ú. Wọ́n la ìkẹta, ọ̀bẹ kọ́ nǹkan, wọ́n fi ìka fà á jáde.

Kì í ṣe èékánná. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni, ó ká jọ bí ewé tí wọ́n fún. Igun kan rẹ̀ lẹnì kan ti fi eyín já, bí gbogbo wa ti ń ṣe.

Wọ́n la ìkẹrin, kò sí nǹkan kan. Wọ́n la ìkarùn-ún, ọ̀rá dúdú.

"Àǹtí," ni ìyá olóúnjẹ sọ fún mi jẹ́jẹ́, "ṣé èyí náà wà nínú ìtàn yín?"

"Rárá o, mà."

Mo gbé àwo sílẹ̀. Gbogbo wọn lọ láìra ohunkóhun.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n màmá mi máa bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ń la gbogbo kúta kí wọ́n tó pàtẹ rẹ̀, wọ́n sì ń ju ohun tí wọ́n bá rí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan níwájú tábìlì, ní gbangba. Èmi náà ń bá wọn là á kí n tó lọ síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹja tútù wọn di yíyan, yíyan wọn ò kúrò lórí wáyà ìyanja. Mo ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé ẹnu mi ni mo fi pa òwò tó bọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá olóúnjẹ yọjú. Ó bojú wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ti yọ ọ́ nínú èyí?"

"Mo ti yọ ọ́."

"Ẹ fún mi ní mẹ́fà."

Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mo jó níwájú tábìlì, ẹ̀gbọ́n màmá mi sì ní kí n rọra, kí n má baà da ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo jó náà, ẹ̀gbọ́n màmá mi mú kúta kan fún mi. Wọ́n là á níṣojú mi, wọ́n fa ọ̀rá yọ, wọ́n jù ú nù, wọ́n yan ẹja náà, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ bọ̀ lọ. Èmi náà ò dá tèmi dúró. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó rí i pé ẹ̀rù ò bà mí rárá. Èékánná tí mo fi irọ́ kùn lé odidi Òkókómáíkò sá. Èyí tó jẹ́ òótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló gbà kó tó mọ́ wa lára. Mo gbé ẹja náà sílẹ̀, mo wò ó. Ó dùn, ebi sì ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán.