Ìtẹ́ Àánú Ilé Wa

Àga náà ni yóò kọ́kọ́ dún, kẹ́ẹ́, kí orúnkún màmá àgbà tó kan ilẹ̀. Láti orí ibùsùn mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ ní ìdájí, nínú ilé tí a háyà ní Turffontein, nílẹ̀ òkèèrè. Òórùn róòbù tí ó fi ń pa orúnkún yóò rọra wọlé tọ̀ mí wá, lẹ́yìn náà ohùn àdúrà rẹ̀, tí kò ga ju mímí lọ. Kì í jókòó lórí àga náà rárá. Iwájú rẹ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ sí, yóò gbé orí lé apá ọ̀tún àga náà.

Wọ́n ti kọ́ wa nípa ìtẹ́ àánú ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo sì gbà pé òun nìyẹn. Igi dúdú ni, ó ń dán, wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya àmì yunifásítì kan sí ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń bọ́ bàtà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Doornfontein. Ṣọ́ọ̀bù náà ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pa apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀dà ti bó, tí igi ti jìn wọnú díẹ̀.

"Eish, Gógó," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, "màá fi sáńpépà ha á, màá kùn ún. Yóò di tuntun."

Màmá mi ṣì ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí káfíńtà ti mú sáńpépà. Màmá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ibẹ̀.

"Sọ fún un kó dúró!"

"Mọ́mì, ojú ibẹ̀ ti bó o."

"Ta ló bó o? Ṣé kì í ṣe bàbá yín ni? Àga tí yunifásítì fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ló ń fọwọ́ gbá tó bá ń kọrin òwúrọ̀. A ti sin ín. Ṣé ẹ tún fẹ́ ha ọwọ́ rẹ̀ dànù ni?"

Káfíńtà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ màmá àgbà títí. Ó gbé sáńpépà kalẹ̀.

"Shap, Gógó," ni ó wí, pé ó ti gbà.

Ẹsẹ̀ nìkan ni ó lẹ̀.

Nínú ọkọ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi màmá àgbà pé ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló ni àga náà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Ọlọ́run ló ni ín, ọmọ mi. Ó kàn fi yá bàbá àgbà rẹ ni."

Ilé mi ní Roodepoort ni àga náà wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn tí màmá àgbà sùn nínú Olúwa ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ibòmíràn tún ti jìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọwọ́ bàbá àgbà: ibi tí iwájú orí màmá àgbà máa ń wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé sáńpépà kò dé ibẹ̀. Èmi náà ń gbé orí mi lé e ní ìdájí. Títí di òní, mo máa ń bọ́ bàtà kí n tó dé ibẹ̀.