Owó-Orí Ogójì Náírà

Àpọ́nlé, tí gbogbo ọjà Ìsẹ́yìn ń pè ní Ìyá Ládòkun, kì í jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí àti lọ́fínńdà ló ń tà, ó sì máa ń sọ pé bí orúkọ rere bá sàn ju wúrà lọ lóòótọ́, ẹni tó ń ta wúrà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjọba gbé owó-orí ọjà dé lọ́dún 1986, tí akọ̀wé kan wá ṣàlàyé fún wọn pé kọ́bọ̀ márùn-ún ni lórí náírà kọ̀ọ̀kan, kò bá a jiyàn. Ó ra ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká má purọ́, ìṣirò kì í yá a lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbàrà tó bá ti pe iye ọjà ni yóò ti ṣírò owó-orí rẹ̀ sínú ìwé, kí ìdúnàádúrà má baà dé dà á lórí rú. Ogójì náírà, owó-orí náírà méjì. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà yóò wá nájà. Ẹ sì mọ ọjà wa: ta ní ń san ogójì lórí ohun tí wọ́n pè ní ogójì? Iye ọjà á máa wálẹ̀, owó-orí á jókòó sínú ìwé, kò ní mì.

Dúróríkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtèwe, ló kọ́kọ́ fura. Ó ra ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ogójì ni Àpọ́nlé pè é, ọgbọ̀n ló rà á. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ojú rẹ̀ le.

"Ọgbọ̀n náírà ni mo san, o gba owó-orí ogójì lọ́wọ́ mi. Náírà kan ààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́, o gba méjì. Èmi àti ìwọ, Àpọ́nlé?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo kó fún ìjọba. Mi ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀."

"Ṣé ìjọba ni mo ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àpọ́nlé wọ akínyẹmí ara. Ó ka àádọ́ta kọ́bọ̀ fún un láti inú èrè ara rẹ̀, ó sì ṣí ìwé kó lè mọ àwọn yòókù tó yẹ kó dá owó padà fún. Iye tó pè nìkan ló wà níbẹ̀. Iye tó tà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti pòórá lórí rẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tàn kálẹ̀, ta ni yóò tún gbà á gbọ́? Ẹlòmíràn ì bá pa ìwé dé, kó dákẹ́. Àpọ́nlé ránṣẹ́ yí ká pé kí gbogbo ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ òun wá sọ iye tí wọ́n san; òun yóò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Kíkẹ́, ọmọge kan láti Ìwéré-Ilé, tó ta ẹ̀gẹ́ kó tó rówó ra irú ọjà Dúróríkẹ́ gan-an fún ìgbéyàwó ara rẹ̀.

"Èló lo rà á, ọmọ mi?"

"Ogójì, mà. Ogójì lẹ pè é."

Kò nájà rárá. Ó rò pé bí àgbàlagbà bá ti pe iye, àrífín ni kéèyàn ní kó dín in. Àpọ́nlé wo ìwé: náírà méjì. Owó-orí Kíkẹ́ pé géérégé, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ojú wá tì í ju bó ṣe tì í níwájú Dúróríkẹ́ lọ. Ó ṣí àpò, ó ka náírà mẹ́wàá ààbọ̀ sí ọmọ náà lọ́wọ́.

Kíkẹ́ wo owó, ó wò ó lójú. "Mà, ṣé gbogbo èyí ni ìjọba gbà lé mi lórí?"

"Ìjọba kọ́," ni Àpọ́nlé wí. "Èmi ni."